Owó Kan Náà, Ojú Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Nígbà ìsinmi ọdún tó kọjá, àbúrò wa kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Perpignan, ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, wá kí wa nílé ní Àjàṣẹ́. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ó fi eré kan hàn wá lórí fóònù rẹ̀: àwọn ọkùnrin tó sígbọnlẹ̀, mẹ́tàlá níhìn-ín, mẹ́tàlá lọ́hùn-ún, wọ́n ń kọ lu ara wọn bí àgbò. Ẹgbẹ́ ìlú tó ń gbé ni, Dragons Catalans, tó ti ń bá àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì díje nínú Super League láti ọdún 2006. A bi í léèrè bí wọ́n ṣe ń ṣa irú àwọn òmìrán bẹ́ẹ̀ jọ. Ó rẹ́rìn-ín.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má wo ti gíga wọn. Kọ̀ǹpútà ló kọ́kọ́ ń yẹ̀ wọ́n wò báyìí, kí ojú ènìyàn tó kàn wọ́n.”

Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn wa. A wá ìwé kà nípa rẹ̀, ohun tí a rí ni a fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ lóṣù yìí.

Ẹ má ṣi eré yìí mú fún rugby ẹlẹ́ni-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ẹ máa ń rí nínú tẹlifíṣàn àwọn Faransé. Ẹlẹ́ni-mẹ́tàlá lèyí, rugby à treize, orí owó iṣẹ́ ni wọ́n sì bí i sí. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 1895, nínú ilé ìtura kan ní Huddersfield, àwọn ẹgbẹ́ àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ya kúrò lára àjọ rugby. Awakùsà àti òṣìṣẹ́ ilé ìhunṣọ pọ̀ nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù wọn. Ẹni tó bá fi iṣẹ́ Sátidé sílẹ̀ láti lọ gbá bọ́ọ̀lù, owó ọjọ́ náà ti lọ. Ṣílè mẹ́fà ni àwọn ẹgbẹ́ náà fẹ́ kí a san fún un dípò owó tó sọ nù. Àwọn ọ̀tọ̀kùlú tó wà nídìí àjọ, tí ebi kò pa, ní owó kò gbọdọ̀ wọ inú eré ọmọlúàbí. Nígbà tí eré tuntun náà dé ilẹ̀ Faransé ní ọdún 1934, ó gbilẹ̀ kíákíá. Ní ọdún 1941, ìjọba Vichy fòfin dè é, ó sì gba dúkìá rẹ̀. Ọdún mélòó ni a fi kọ́ ìtàn Faransé nílé ìwé! Olùkọ́ kan kò sọ èyí fún wa rí.

Eré tí wọ́n bí kí òṣìṣẹ́ lè rí owó gbà, òun náà ló wá fi gbèdéke sí owó òṣìṣẹ́. Ní Ọsirélíà, ọdún 1990 ni òfin náà bẹ̀rẹ̀. Ní Super League, ọdún 1998. Àpapọ̀ owó tí ẹgbẹ́ kan lè san fún àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ láàárín ọdún kan kò gbọdọ̀ kọjá iye kan, bó ti wù kí ẹni tó ni ẹgbẹ́ náà lọ́rọ̀ tó. Wọ́n ṣe é kí olówó má baà kó gbogbo ìràwọ̀ sọ́dọ̀, kí aláìní má sì jẹ gbèsè títí yóò fi wó nítorí pé ó fẹ́ bá olówó rìn.

Ẹ jẹ́ ká fi ọjà Ouando ṣe àpẹẹrẹ. Bí a bá fún obìnrin mẹ́wàá ní owó kan náà pé kí wọ́n lọ ra iṣu tó ti Ṣábẹ̀ẹ́ wá, owó kọ́ ni yóò fi ìyàtọ̀ sáàárín wọn mọ́. Ẹni tó mọ iṣu tí èèpo rẹ̀ kò wu ojú ṣùgbọ́n tí inú rẹ̀ le dáadáa, tí àwọn yòókù ń gbójú fò dá, òun ni ẹrù rẹ̀ yóò pọ̀ jù. Bí gbèdéke bá ti wà, “ta ló mọ eré gbá jù?” kọ́ ni ìbéèrè mọ́. Ìbéèrè ni: “ta ló níye lórí ju owó tí wọ́n ń bèèrè lórí rẹ̀ lọ?”

Ibẹ̀ ni ìṣirò ti wọlé. Nínú eré yìí, ẹgbẹ́ tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní àǹfààní ìdìmú mẹ́fà: bí wọ́n bá ti dì wọ́n lulẹ̀ nígbà kẹfà, bọ́ọ̀lù di ti ẹgbẹ́ kejì. Ohun gbogbo ló wá ṣeé kà. Wọ́n ń ka iye ènìyàn tí agbábọ́ọ̀lù kan dì lulẹ̀ àti iye tó bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Wọ́n ń ka mítà tó sá, wọ́n sì ń ya mítà tó fi agbára wọ́ lọ lẹ́yìn tí wọ́n ti dì í mú sọ́tọ̀. Wọ́n ń ka ìṣẹ́jú àáyá tó fi dìde nílẹ̀ láti dá bọ́ọ̀lù padà sínú eré. Ẹ̀rọ kékeré kan wà lábẹ́ ẹ̀wù rẹ̀, láàárín èjìká méjèèjì, tó ń sọ bó ṣe yára tó àti ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo. Catapult, ọ̀kan nínú àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe irú rẹ̀, Melbourne ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní ọdún 2006.

Ṣùgbọ́n iye kì í dá ara rẹ̀ túmọ̀. Bí ẹnì kan bá di ènìyàn 50 lulẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú 80, ó lè jẹ́ akíkanjú. Ó sì lè jẹ́ pé àwọn alátakò ti rí i pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ògiri ti lanu, tí aláǹgbá wá ń wọ́ lọ síbẹ̀. Ẹni tó ń gba bọ́ọ̀lù nígbà tí alátakò ṣì jìnnà yóò kó mítà jọ. Ẹni tó ń kọ lu èrò lẹ́bàá ìlà wọn, mítà méjì péré tó rí lè níye lórí ju ogún ti ẹnì kejì lọ. Ẹlòmíràn wà tí yóò sáré bí ẹni tí yóò gba bọ́ọ̀lù, tí alátakò méjì yóò tẹ̀ lé e, tí ẹnì kejì rẹ̀ yóò sì gba àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ kọjá. Orúkọ ẹni tó kọjá ni a ó kọ. Ẹni tó sáré lásán, ìwé lè má mọ̀ pé ó wà lórí pápá.

Nígbà tí àbúrò wa ń ṣàlàyé asárélásán yìí, ọmọbìnrin kan ni a rántí. Olùkọ́ ni wá. Iye ni a fi ń jẹun. Ní òpin ọdún, ìgbìmọ̀ kíláàsì yóò jókòó yí tábìlì ká, wọn ó pe orúkọ, wọn ó pe moyenne, ó parí. Ní ọdún kan, ọmọ náà ní 9,40 nínú 20. Òun ló máa ń kó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ sábẹ́ igi máńgòrò ní ọ̀sán Ọjọ́rú láti tún ìṣirò ṣàlàyé fún wọn. Òun fúnra rẹ̀ kì í ráyè kàwé lálẹ́ nítorí ọjà ìyá rẹ̀. Mẹ́ta nínú àwọn tó kọ́ bẹ́ẹ̀ gba ju 12 lọ. Gbogbo wa ló mọ̀. Ìwé èsì kò ní àyè fún un. A ní kó tún kíláàsì náà ṣe, ọwọ́ tiwa náà sì wà lára àwọn ọwọ́ tó nà sókè. Kò padà wá lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

A kò sọ pé kí a da ìṣirò nù. Ìṣirò kan náà ló máa ń gba ẹni tí ojú ti kọ̀ sílẹ̀ là. Nínú baseball ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 2002, ẹgbẹ́ Oakland, tí owó rẹ̀ kò tó ìdajì ti Yankees, borí nínú eré 20 léraléra. Ó ti ra àwọn tí ẹlòmíràn fojú tẹ́ńbẹ́lú nítorí ìrísí wọn. (Àwọn tó ń pa ìtàn náà kì í sábà rántí pé Oakland tún ní ajubọ́ọ̀lù mẹ́ta tó mọ iṣẹ́ wọn dunjú.) Michael Lewis sọ ọ́ di ìwé ní ọdún 2003, gbogbo ẹgbẹ́ kà á, irú àwọn agbábọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ sì gbówó lórí. Bí gbogbo ọjà bá ti mọ iṣu tí inú rẹ̀ le, kì í ṣe ọ̀pọ̀ mọ́.

Penrith, ní ìwọ̀-oòrùn Sydney, gba ife ẹ̀yẹ Ọsirélíà ní ẹ̀ẹ̀mẹrin léraléra, láti 2021 dé 2024. Lẹ́yìn ife kọ̀ọ̀kan ni gbèdéke ń já ènìyàn gbà lọ́wọ́ rẹ̀: Matt Burton lọ, lẹ́yìn náà Viliame Kikau àti Api Koroisau, lẹ́yìn náà Stephen Crichton, lẹ́yìn náà Jarome Luai. Wọn kò burú. Wọ́n dára ni, iye wọn sì gòkè. Àwọn ọmọ àdúgbò tí ẹgbẹ́ náà ti tọ́ láti kékeré wà lára àwọn tó bọ́ sí ipò wọn. Àwọn tó lọ yìí rí owó tó pọ̀ sí i níwájú. Ẹni tí àánú rẹ̀ ṣe wá ni ẹni àárín: ọmọ ọgbọ̀n ọdún tí kò tíì bàjẹ́, ṣùgbọ́n tí owó oṣù rẹ̀ tó ra ọ̀dọ́ méjì. Kò sí àṣìṣe tí wọ́n lè tọ́ka sí tó ṣe.

Àwọn mìíràn kò sì lè fara mọ́ ọn. Melbourne Storm wà lára àwọn tí a ń yìn jù fún ṣíṣa àwọn tí ẹlòmíràn sọ nù. Ní oṣù kẹrin ọdún 2010, àṣírí tú pé ìwé àkọsílẹ̀ méjì ni àwọn alákòóso rẹ̀ ní: ọ̀kan fún ojú àjọ, èkejì fún òtítọ́. Wọ́n ti fi bíi 3,17 mílíọ̀nù dọ́là Ọsirélíà kọjá gbèdéke láàárín ọdún márùn-ún. Àjọ gba ife 2007 àti 2009 kúrò lọ́wọ́ wọn, ó bu ìtanràn 500 000 dọ́là lé wọn, ó sì ní wọn kò ní gba àmì kankan títí ọdún yóò fi parí. Àwọn agbábọ́ọ̀lù ṣì ń wọ pápá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Wọ́n borí nínú eré 14 lọ́dún náà. Wọ́n wà nísàlẹ̀ pátápátá lórí tábìlì. Greg Inglis kúrò lọ́dọ̀ wọn kí owó lè wọ inú òdiwọ̀n. Ní ọdún 2012, pẹ̀lú ohun tó ṣẹ́kù, wọ́n tún gba ife, wọn kò sì kọjá gbèdéke. Eré 14 ti ọdún 2010 ṣì wà nínú ìwé, àmì òdo ló wà níwájú rẹ̀.