Ọmọge Tó Yán Nínú Bàálù: Ìgbéraga Ni Àbí Oorun?

Lẹ́tà kan dé sórí tábìlì mi lọ́sẹ̀ yìí, n kò sì lè fi í pamọ́. Ìyá kan tó ń ta aṣọ ní Gbági, n'Íbàdàn, ló kọ ọ́. Ọmọ rẹ̀ bímọ sí Amẹ́ríkà, ìyá sì lọ wẹ ọmọ. Nígbà tí wọ́n dé Atlanta, wọ́n tún wọ bàálù mìíràn lọ sí Houston. Ìyá ní òùngbẹ ń gbẹ òun, òun juwọ́ sí ọmọge tó ń tọ́jú èrò. "Ọmọ náà wò mí, ó yán sí mi lójú, ó kọjá lọ. Ṣé torí pé n kò gbọ́ èèbó ni?" Bí ìyá ṣe kọ ọ́ nìyẹn.

Ìyá mi, ẹ má bínú. N kò sí nínú bàálù yẹn, n kò sì lè búra fún ọmọ ọlọ́mọ. Àwọn kan wà tí ìwà wọn kò dára, bí wọ́n tilẹ̀ sùn fún ọjọ́ méje. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí èmi ọmọ yín bi yín: ṣé ẹ mọ ìgbà tí ọmọ yẹn sùn kẹ́yìn?

Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé iṣẹ́ họ́sítẹ́ẹ̀sì kò ju kí ó kun àtíkè, kí ó gbé tíì àti bisikíìtì kiri. Rárá o! Ọjọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́ gan-an ni òfin ṣe ní kí wọ́n wà níbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, fún gbogbo àga 50, họ́sítẹ́ẹ̀sì kan. Kí wọ́n sì tó gbà kí irú bàálù ńlá kan máa kó èrò, ẹni tó ṣe é gbọ́dọ̀ fi hàn pé gbogbo èèyàn inú rẹ̀ lè jáde láàárín ìṣẹ́jú kan ààbọ̀, pẹ̀lú ìdajì ilẹ̀kùn ní títì. Ìṣẹ́jú kan ààbọ̀! Ẹni tó ń ra tòmátì kò tíì ná an tán.

Ní ọjọ́ 2 oṣù kìíní ọdún 2024, bàálù Japan Airlines kan forí sọ bàálù kékeré àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun ní pápá Haneda, ní Tokyo. Iná sọ. Èèyàn 379 ló wà nínú bàálù ńlá náà. Márùn-ún nínú àwọn mẹ́fà tó wà nínú kékeré kú, àmọ́ gbogbo 379 yẹn jáde láàyè. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń bá èrò sọ̀rọ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́, ohùn ẹnu ni àwọn họ́sítẹ́ẹ̀sì fi ń kígbe. Nínú ilẹ̀kùn mẹ́jọ, mẹ́ta péré ló ṣeé lò. Wọ́n ní láti kọ́kọ́ wo ìta kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn, kí wọ́n má baà ṣí i sínú iná. Ṣé ẹni tí oorun ń kùn lè ṣe bẹ́ẹ̀?

Ó yá, ẹ bá mi ṣírò bí ẹ ti ń ṣírò èrè ọjà. Láti ọdún 1994, òfin Amẹ́ríkà ní họ́sítẹ́ẹ̀sì tí iṣẹ́ rẹ̀ kò bá ju wákàtí 14 lọ gbọ́dọ̀ sinmi fún wákàtí 9. Àmọ́ wọ́n fi ihò kan sílẹ̀: ọ̀gá lè dín in kù sí 8. Ẹ ó ní wákàtí 8 tó sùn. Ó tì o. Kì í ṣe ìgbà tó gbórí lé ìrọ̀rí ni wọ́n ti ń kà á, ìgbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ni. Yóò dúró de mọ́tò tó máa gbé e lọ sí òtẹ́ẹ̀lì. Yóò wá oúnjẹ lálẹ́, nígbà tí olóúnjẹ ti ti ṣọ́ọ̀bù. Yóò wẹ̀, yóò pe àwọn ọmọ nílé. Lówùúrọ̀, yóò lọ yúnífọ́ọ̀mù, yóò di irun, yóò tún wọ mọ́tò padà. Ẹ yọ gbogbo ìyẹn kúrò, kí ló kù? Bíi wákàtí 5, nígbà mìíràn kò tó bẹ́ẹ̀. Ó dà bí ẹni tó ra àpò ìrẹsì tó wá bá òkúta nísàlẹ̀.

Àwọn tó ṣèwádìí ti rí i pé ẹni tó bá lajú fún wákàtí 17, bí ẹni tó ti mutí díẹ̀ ló ń ṣe. Èmi gan-an, mo ṣọ́ ìròyìn kan mọ́jú lẹ́ẹ̀kan, ni mo bá kọ orúkọ olóògbé sí ipò ọkọ ìyàwó. Ọ̀gá mi kò jẹ́ kí n gbàgbé rẹ̀ títí dòní.

Ohun tó dùn mí jù nìyí. Bàálù kan já nítòsí Buffalo ní oṣù kejì ọdún 2009, èèyàn 50 kú. Àwọn tó wádìí rẹ̀ ní ó jọ pé àárẹ̀ wà lára àwọn awakọ̀. Àwọn ẹbí olóògbé kò sinmi, títí òfin tuntun fi dé: láti oṣù kìíní ọdún 2014, wákàtí 10 ni ìsinmi awakọ̀ bàálù èrò. Họ́sítẹ́ẹ̀sì ńkọ́? Ó kù sórí 8. Mọ́tò kan náà, òtẹ́ẹ̀lì kan náà, bàálù kan náà lówùúrọ̀! Àbí torí pé obìnrin ló pọ̀ jù nínú wọn? Mo kàn ń béèrè ni.

Yúníọ̀nù wọn, tí Sara Nelson jẹ́ olórí rẹ̀, kò dákẹ́. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2018, àwọn aṣòfin ní kí ó di wákàtí 10, kí ẹnikẹ́ni má sì dín in kù. Ọgbọ̀n ọjọ́ ni wọ́n fún ìjọba láti ṣe é. Ọgbọ̀n ọjọ́ di ọdún mẹ́rin! Oṣù kẹwàá ọdún 2022 ni Billy Nolen, tó ń darí àjọ ọkọ̀ òfurufú wọn nígbà náà, tó tó kéde òfin náà. Báyìí, bí bàálù bá pẹ́ dé lálẹ́, iṣẹ́ òwúrọ̀ ló máa sún síwájú, kì í ṣe oorun ló máa kéré. Òfin ọdún 2018 yẹn kan náà sì ní kí ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan kọ ètò sílẹ̀ lórí bí wọn yóò ṣe máa bójú tó àárẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí.

Ìyá Gbági, ẹ ní kí n bá yín kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ tó ni bàálù náà. Màá kọ ọ́. Ẹ fi ọjọ́ tí ẹ wọ̀ ọ́ àti nọ́ńbà tó wà lára tíkẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́, kí n lè béèrè iye wákàtí tí ọmọ yẹn ti wà lẹ́nu iṣẹ́ kí ó tó yán sí yín lójú. Ẹ kú ewu ọmọ o.