Ẹ̀gbọ́n Ọjọ́ Kan Kò Ṣe É Fẹ̀yìn Tì

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa ni mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí.

Ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì mi ní Ìkòtún tí kò mọ̀wé kà. Ìyá rẹ̀ ń ta ata. Ilẹ̀ á ti ṣú kí ó tó délé. Ní Sátidé kan, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan dé, wọ́n ní àwọn fẹ́ máa kọ́ àwọn ọmọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀kan nínú wọn mú ọmọ yìí bí àbúrò. Wọ́n jọ ń kàwé, wọ́n jọ ń ṣeré, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ní Sátidé kẹrin, ọmọ náà wẹ̀, ó wọ aṣọ tó mọ́, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà títí ọ̀sán fi pọ́n. Ẹ̀gbọ́n kò dé. Ìdánwò ló ká a mọ́, kò sì ránṣẹ́. Ọmọ náà bi mí pé: “Tíṣà, ṣé torí pé mi ò mọ̀wé kà ni?” N kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Ẹ̀bi tèmi náà wà níbẹ̀, nítorí n kò bi àwọn àlejò wọ̀nyí pé ìgbà wo ni wọn yóò wá dà.

Ní 2002, ọ̀mọ̀wé méjì ní Amẹ́ríkà, Jean Grossman àti Jean Rhodes, gbé ìwádìí jáde lórí àwọn ọmọ tí a fa ẹ̀gbọ́n bẹ́ẹ̀ fún. Àwọn tí ẹ̀gbọ́n wọn dúró tó ọdún kan ló jàǹfààní jù lọ. Àwọn tí tiwọn lọ kí oṣù mẹ́ta tó pé, ńṣe ni wọ́n tún fojú kéré ara wọn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Iṣẹ́ náà dára, mi ò sọ pé kò dára. Otto Orondaam dá ẹgbẹ́ Slum2School sílẹ̀ ní 2012. Mákòkó ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ tó yọ̀ǹda ara wọn sì ni ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn àgùnbánirọ̀ náà, láti 1973 ni wọ́n ti ń sìnlú, ọdún kan ni wọ́n sì fi ń sìn ín.

Nítorí náà, ẹ̀yin tíṣà, kí ẹ tó fa ọmọ lé akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́, ẹ bi í pé oṣù mélòó ni. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ fi akẹ́kọ̀ọ́ méjì ti ọmọ kan, kí ọ̀kan lè wà nígbà tí ìdánwò bá ká èkejì mọ́. Bí ó bá sì fẹ́ lọ, kí ọmọ gbọ́ ṣáájú.

Ẹ̀yin ará ọjà ní Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgàndò, owó ọkọ̀ ló ń dá ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí dúró. Bí ẹgbẹ́ yín bá dá a jọ ní Sátidé kọ̀ọ̀kan, kò ní wúwo lọ́rùn ẹnì kan. Ọmọ yín náà ni.

Èmi fúnra mi ni mo ń bá ọmọ náà kàwé báyìí lẹ́yìn ilé-ìwé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ka “Ìkòtún” lára dánfó láìsí ẹni tó ràn án lọ́wọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó wá bi mí pé: “Tíṣà, ṣé ẹ máa wá lọ́la?”

Mo ní n ó wá. Ẹyin lọ̀rọ̀, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mo gbọ́dọ̀ wá.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.