Ọwọ́ Tó Ń Ṣe Gòjé Ni Kí Á Dì Mú

Ìbà Olódùmarè. Ìbà gbogbo irúnmọlẹ̀. Ìbà àwọn babańlá àti ìyáńlá wa tí wọ́n gbẹ́ igi títí igi fi fọhùn.

Lọ́dọọdún, bí Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe bá pé ní ọjọ́ 20 oṣù Ògún, ìró ìlù a gba ìgboro. Bàtá a máa pe Ṣàngó, ìgbìn a máa kí Ọbàtálá, ìpèsè a máa bá àwọn babaláwo yọ̀, àgẹ̀rẹ̀ a sì máa rán àwọn ọdẹ létí Ògún. Gbogbo rẹ̀ ló dára, gbogbo rẹ̀ ló yẹ. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ìdùnnú yìí, ṣàṣà ni ibi tí ènìyàn ti lè gbọ́ ohùn okùn. Bí ẹnì kan bá béèrè pé gòjé wá ńkọ́, èsì tí a máa ń fún un kò ju mẹ́ta lọ: wọ́n á ní ti Hausa ni, wọ́n á ní ti àwọn onísákárà ni, wọ́n á ní ìlù nìkan ni òrìṣà ń gbọ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí ni pé èsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò tọ̀nà. Bí a bá sì ń bá a lọ báyìí, àwa fúnra wa ni a ó fi ọwọ́ ara wa parí iṣẹ́ tí àwọn míṣọ́nnárì bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á mú ọ̀rọ̀ náà láti ìdí. Àwọn ọdẹ San tí ń gbé aṣálẹ̀ Kalahari ní gúúsù Áfíríkà a máa lo ọrun kan náà fún ọdẹ àti fún orin. Bí ọwọ́ bá dilẹ̀, ọdẹ a gbé orí ọrun sí ẹnu, a fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ máa lu ọsán rẹ̀, ẹnu ara rẹ̀ a sì di igbá tí ń gbé ohùn náà jáde. Kò sí ohun-èlò orin olókùn tí ó rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ Ọ̀ṣọ́ọ̀sì, ọdẹ tí ọrun àti ọfà jẹ́ àmì rẹ̀ láti Kétu títí dé Bahia, kò yẹ kí ó pe ohùn ọsán ní àjèjì. Inú ilé ọdẹ ni ohùn náà ti jáde, ilé ọdẹ sì ni ilé wa.

Ní ti gòjé, ẹ wò ó bí wọ́n ti ń ṣe é. Igbá ni ara rẹ̀, awọ awọ́nrínwọ́n ni wọ́n fi ń bo ojú igbá náà, igi ni ọrùn rẹ̀, irun ìrù ẹṣin sì ni okùn rẹ̀. Ọ̀pá títẹ̀ tí wọ́n so irun ìrù ẹṣin mọ́ ni wọ́n ń fà lórí okùn náà, tí yóò fi máa ké bí ènìyàn. Oko, igbó àti ọ̀sìn ló pàdé nínú rẹ̀. Òótọ́ ni pé ọ̀dọ̀ Hausa ni ó ti dé ọ̀dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n ń fi í ṣe nílẹ̀ Hausa? Òun ni wọ́n fi ń pe àwọn ẹ̀mí Bori kí wọ́n wá gun ẹlẹ́gùn. Bákan náà ni àwọn Songhay ní Niger ń ṣe pẹ̀lú èyí tí wọ́n ń pè ní godji: bí ó bá ti dún, àwọn ẹ̀mí tí wọ́n ń pè ní holey a gun àwọn ọmọ awo wọn. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ọ̀pọ̀ àáfà fi fojú burúkú wo gòjé láti ìgbà pípẹ́. Ohun tí à ń lé dànù pé ti ẹ̀sìn ẹlòmíràn ni, ìbátan ìṣẹ̀ṣe ni láti ìpìlẹ̀.

Ní ti sákárà, òótọ́ ni pé Yusuf Olatunji, Baba l'Ẹ́gbà, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n gbé ohùn gòjé wọ ilé gbogbo nípasẹ̀ àwo rẹ́kọ́ọ̀dù. Ó yẹ kí á dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Pé mùsùlùmí ni ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sọ okùn di mùsùlùmí. Bí ẹni tí ó wọ agbádá bá yí ẹ̀sìn padà, agbádá kì í bá a yí i.

Ó wá ku èsì kẹta, pé ìlù nìkan ni ẹ̀mí ń gbọ́. Ẹ jẹ́ kí á wo ilẹ̀ Mòǹgólíà. Àwọn darandaran ibẹ̀ ní ohun-èlò olókùn méjì tí wọ́n ń pè ní morin khuur. Irun ìrù ẹṣin ni okùn rẹ̀, bíi ti gòjé, wọ́n sì máa ń gbẹ́ orí ẹṣin sí ṣóńṣó ọrùn rẹ̀. Bí abo ràkunmí bá kọ ọmọ tí ó bí, tí kò jẹ́ kí ó mu ọmú, wọn kì í nà án. Wọn a so ìyá mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọmọ, wọn a máa ta morin khuur, wọn a máa kọ orin ẹ̀bẹ̀ sí i létí títí ọkàn rẹ̀ yóò fi rọ̀, omijé a sì máa bọ́ lójú rẹ̀. Ní ọdún 2015 ni àjọ UNESCO kọ ìṣe yìí sára àwọn àṣà tí ó nílò ààbò kíákíá. Ẹni tí ó bá mọ agbára ọfọ̀ kò ní béèrè pé kí ni okùn ń ṣe níbẹ̀.

Ní Etiópíà pẹ̀lú, dùrù ńlá kan wà tí wọ́n ń pè ní begena. Okùn mẹ́wàá ni ó ní, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀, ó ń kùn bí oyin. Wọn kì í fi í jó. Àdúrà ni wọ́n ń fi í gbà, pàápàá ní àkókò ààwẹ̀ tí ó ṣáájú Àjíǹde. Kìrìsìtẹ́nì ni wọ́n, àwa kọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ ohun tí àwa ń gbàgbé, pé àdúrà kan wà tí kò fẹ́ ariwo.

Báwo ni irú ohùn báyìí ṣe ń kú? Kì í sábà kú fúnra rẹ̀. Ní Nọ́wè, wọ́n ní fáólì Hardanger, tí okùn mìíràn wà lábẹ́ okùn tí wọ́n ń ta, tí yóò máa dáhùn fúnra rẹ̀. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn oníwàásù ìsọjí sọ fún àwọn ènìyàn pé ohun-èlò èṣù ni. Ọ̀pọ̀ sì fi ọwọ́ ara wọn jó tiwọn níná. Ní erékùṣù Vormsi ní Estóníà, níbi tí àwọn tí ń sọ èdè Swídìn ń gbé, ohun-èlò kan wà tí wọ́n ń pè ní talharpa. Igi ni wọ́n gbẹ́ ẹ, irun ìrù ẹṣin ni okùn rẹ̀, ẹ̀yìn ìka ni wọ́n sì fi ń kan okùn náà. Ní àwọn ọdún 1870, míṣọ́nnárì kan láti Swídìn, Lars Johan Österblom, mú ìsọjí dé ibẹ̀. Talharpa di ẹ̀ṣẹ̀. Wọ́n bà á jẹ́, wọ́n pa á tì. Ọmọ Yorùbá wo ni ó ń ka èyí tí kò rántí ilé baba tirẹ̀? Bí wọ́n ti jó opón, tí wọ́n jó ère, tí wọ́n ní kí onílé fúnra rẹ̀ dáná sun wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún àwọn aláwọ̀ funfun ẹlẹgbẹ́ wọn.

Ṣùgbọ́n ìtàn Vormsi kò parí síbẹ̀, ibi tí mo fẹ́ kí á fi ọkàn sí sì nìyí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, Otto Andersson, onímọ̀ orin láti Fínlándì, lọ sí erékùṣù náà, ó bá àwọn ìwọ̀nba tí wọ́n ṣì mọ̀ ọ́n ta, ó sì kọ ohun tí ó rí sílẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ará Vormsi sá lọ sí Swídìn. Ó jọ pé ọ̀rọ̀ talharpa ti bùṣe. Síbẹ̀, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tún ọbẹ mú, wọ́n tún un gbẹ́, wọ́n kọ́ àwọn ẹlòmíràn bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ẹ. Ní ọdún 2024, nígbà tí Estóníà rán àwọn olórin lọ sí ìdíje Eurovision, talharpa wà lọ́wọ́ àwọn méjì tí wọ́n ń pè ní Puuluup. Ìwé ló tọ́jú ìrántí rẹ̀, àmọ́ ọwọ́ ló dá ẹ̀mí rẹ̀ padà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti berimbau ní Brasil. Ọrun kan ni, pẹ̀lú okùn wáyà kan, tí ọ̀pọ̀ ń yọ láti inú táyà mọ́tò, àti igbá kékeré kan tí ń gbé ohùn rẹ̀ jáde. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti Àǹgólà àti agbègbè rẹ̀ ni wọ́n gbé ọgbọ́n rẹ̀ lọ. Kì í ṣe ti Yorùbá, ṣùgbọ́n ní Salvador, ìlú kan náà ni òun àti àwọn òrìṣà wa jọ gbé, ìyà kan náà ni wọ́n sì jọ jẹ. Òun ni ó ń darí eré capoeira. Òfin ọdún 1890 sọ capoeira di ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n lè tìtorí rẹ̀ ju ènìyàn sẹ́wọ̀n. Ní àwọn ọdún 1930, Mestre Bimba ṣí ilé-ẹ̀kọ́ fún un ní Salvador. Ní 2014, UNESCO kọ ọ́ sínú ìwé àwọn ogún gbogbo ayé. Ohun tí òfin fẹ́ pa, ilé-ẹ̀kọ́ ló gbà á sílẹ̀.

Àwa náà mọ ọgbọ́n yìí, nítorí òun ni a fi gba ìlù sílẹ̀. Ìlù ní ìdílé, ìdílé Àyàn. Ọmọ tí wọ́n bá bí síbẹ̀ a ti máa di igi àti awọ mú kí ó tó mọ ọ̀rọ̀ sọ. Nígbà tí wọ́n kó àwọn ènìyàn wa lọ sí Kúbà, kò sí ẹni tí ó ráyè gbé bàtá wọ ọkọ̀ ẹrú. Ìtàn tí Fernando Ortiz kọ sílẹ̀ sọ pé ní nǹkan bí ọdún 1830, Àtàndá àti Añabí, ọmọ Yorùbá méjì, ni wọ́n gbẹ́ bàtá mímọ́ àkọ́kọ́ ní erékùṣù náà. Ọwọ́ ni wọ́n gbé bàtá sí lọ. Gòjé kò ní agbo ilé bíi ti Àyàn láàrin wa. Bí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe bá kú láìkọ́ ọmọ, ó parí nìyẹn.

Nítorí náà, mo dábàá ohun mẹ́ta. Àkọ́kọ́, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan wá ẹni tí ó ń ṣe gòjé rí, kí a fi ọmọ iṣẹ́ kan sí i lọ́wọ́, kí a máa bọ́ ọmọ náà títí yóò fi lè ṣe é láìsí olùrànlọ́wọ́, kí ẹgbẹ́ sì ra gòjé àkọ́kọ́ tí ó bá ṣe. Gbígbà á sílẹ̀ sórí fóònù nìkan kò tó. Fóònù kò lè gbẹ́ igi.

Èkejì, kí a wá iṣẹ́ fún un. Irinṣẹ́ tí kò rí iṣẹ́ ṣe, ìpẹtà ni yóò jẹ ẹ́. N kò sọ pé kí gòjé gba ipò bàtá tàbí ìgbìn. Ẹni tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀ ń wá ìjà. Kí àwọn àgbà dá Ifá sí i, kí wọ́n sì sọ ibi tí ó yẹ fún wa, bóyá níbi ọdún Ọ̀ṣọ́ọ̀sì, bóyá níbi ìsìnkú ọdẹ.

Ẹ̀kẹta, kí a má fi òfin tí kò sí dí ọ̀nà. Awọ ni àwọn Mandinka fi ń ṣe okùn mọ́kànlélógún ara kora láyé àtijọ́; okùn ìpẹja onírọ́bà ni ọ̀pọ̀ ń lò báyìí, kora sì kora síbẹ̀. Ọkùnrin nìkan ni ìdílé àwọn akéwì wọn ń gbé kora lé lọ́wọ́. Sona Jobarteh, obìnrin, gbé e, ó sì dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Gáḿbíà ní ọdún 2015. Bí awọ awọ́nrínwọ́n kò bá sí, ẹ jẹ́ kí á dán awọ ewúrẹ́ wò. Bí ọmọbìnrin ni ọmọ tí ó fẹ́ kọ́ ọ, ẹ jẹ́ kí á kọ́ ọ.

A ti jà fún ìlù, a sì borí. Ìjà tí ó kù kò ní ariwo púpọ̀, bóyá ìdí nìyẹn tí a kò fi tètè gbọ́ ọ. Kí Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe tí ń bọ̀ má bá wa bẹ́ẹ̀. Kí Àyàn gbà á, kí Ọ̀ṣọ́ọ̀sì gbà á, kí ọwọ́ tí ń ṣe iṣẹ́ má gbẹ. Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ. Àṣẹ.