Kápúsù kọ́ ni oògùn ìgbẹ́ ẹ̀jẹ̀ adìyẹ!

Ẹ̀yin ará wa ní Ìdàáṣà àti gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń gbé lẹ́sẹ̀ òkè! Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí lè bí àwọn kan nínú. Kó bí wọn, ṣùgbọ́n kí wọ́n kà á tán.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní òròmọdìyẹ mẹ́rìndínlógún. Nígbà tí wọ́n pé bí oṣù kan, ó rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ wọn. Ó sáré lọ bá ẹni tó ń ta oògùn nínú agbọ̀n lọ́jà. Ìyẹn fún un ní tetracycline, kápúsù pupa àti yẹ́lò tí gbogbo wa mọ̀, ó ní kó tú méjì sínú omi. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin, mọ́kànlá ti kú. Ǹjẹ́ ẹ mọ ohun tí àwọn aládùúgbò wí? Wọ́n ní, "Kápúsù yẹn mà dára o, òun ló gba márùn-ún tó kù là!"

Irọ́ ni. Márùn-ún yẹn fi agbára ara wọn là á já ni. Adìyẹ tí àìsàn yìí kò bá pa, ara rẹ̀ á kọ́ bí yóò ṣe bá a jà. Àwa wá gbé ọpẹ́ fún kápúsù.

Coccidiose ni orúkọ àìsàn náà. Kòkòrò kan tí ojú lásán kò rí, tí wọ́n ń pè ní Eimeria, ló ń fà á. Inú ìfun adìyẹ ló ń gbé. Ẹyin rẹ̀ á bá ìgbẹ́ jáde, bí ilẹ̀ bá tutù tó sì móoru, láàárín ọjọ́ kan sí méjì ó ti gbó. Òròmọdìyẹ tó bá ṣà á jẹ ti gbé ikú mì. Kòkòrò náà á máa ya ìfun rẹ̀, ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ti ń wá. Àwọn tó wà láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́fà ló ń pa jù. Ẹ ó rí i tí ìyẹ́ wọn dúró, tí apá wọn wọlẹ̀, tí wọ́n ń tòògbé, tí wọn kò jẹun. Tetracycline kì í pa Eimeria. Abẹ́rẹ́ àjẹsára Newcastle náà kò dí i lọ́nà, àìsàn mìíràn nìyẹn.

Àwọn kan á ní, "Àwọn ìyá wa kò lo oògùn kankan, adìyẹ wọn sì ń pọ̀." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n adìyẹ ìyá wa ń jẹ̀ káàkiri, orí igi ló ń sùn. Tiwa ńkọ́? Ogún òròmọdìyẹ nínú ilé páànù kékeré kan tí òjò ń jò sí, ibi tí wọ́n ń yàgbẹ́ sí ni wọ́n ti ń jẹun. Òròmọdìyẹ kò mọ àṣá, ìyá rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n. Àṣá ti òkè là ń lé, a kò rí èyí tó wà nílẹ̀.

Ẹ gbọ́ ohun tó yẹ ká ṣe. Amprolium ni kí ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà ẹran tàbí ẹni tó mọ oògùn ẹran. Inú omi là ń fi í sí, torí adìyẹ tó ń ṣàìsàn kì í jẹun ṣùgbọ́n ó ṣì ń mu omi. Ẹ wọ̀n ọ́n bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára rẹ̀, kí gbogbo agbo mu ún, kì í ṣe èyí tó ń ṣu ẹ̀jẹ̀ nìkan. Ẹ má fún wọn ní omi mìíràn, ẹ má sì da fítámì tó ní B1 pọ̀ mọ́ ọn, yóò sọ oògùn náà di aláìlágbára.

Àmọ́ ilẹ̀ gbígbẹ ló ju oògùn lọ, kò sì gba sefa kan. Ẹ kó ìdọ̀tí tó tutù kúrò, ẹ fi tuntun tó gbẹ rọ́pò rẹ̀. Ẹ dí ibi tó ń jò. Ẹ má da oúnjẹ sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ gbé ọpọ́n omi sórí òkúta pẹlẹbẹ, òkúta kò sá wọ́n wa níbí. Ẹ ya àwọn ọmọ kúrò lọ́dọ̀ àwọn àgbà. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé omi Javel, kì í pa ẹyin kòkòrò yìí. Omi gbígbóná tó ń hó ni kí ẹ fi fọ ọpọ́n.

Ẹ má wí pé adìyẹ lásán ni. Adìyẹ yẹn ni ìwé àti bírò ọmọ nígbà tí iléèwé bá wọlé. Kápúsù tí ẹ sì ń dà sínú omi wọn, àwọn ọmọ wa ló ń jẹ ẹ́ nínú ẹyin àti ẹran. Lọ́jọ́ tí ọmọ bá nílò rẹ̀ gan-an, kò ní ràn án mọ́.

Ẹni tó bá ṣì ní kápúsù ló dára jù, kó kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Ṣùgbọ́n kó ka iye tó kú mọ́ iye tó yè. Ẹ pín in dé ọ̀dọ̀ àwọn ìyá wa.