Olóṣèlú Ẹlẹ́nu Méjì

Ìwọ tí o ń ka ìwé yìí, bóyá o ti gbọ́ tí àwọn àgbàlagbà ń gbèjà olóṣèlú pé ìwé tí ó bá kọ ní ìkọ̀kọ̀ kò kan ará ìlú, níwọ̀n bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ti dára ní gbangba. Irọ́ pátápátá ni. Ìtàn Mirabeau, ọmọ ilẹ̀ Faransé, jẹ́rìí sí i.

Ní ọdún 1789, àwọn ará Aix yàn án láti ṣojú wọn nínú ìgbìmọ̀ ní Versailles. Ọ̀rọ̀ dá lẹ́nu rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi kà á sí agbẹnusọ òmìnira. Ṣùgbọ́n gbèsè wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ní 1790, Ọba Louis Kẹrìndínlógún gbà láti san gbèsè náà, ó ń fún un ní 6,000 owó livre lóṣooṣù, ó sì ṣèlérí mílíọ̀nù kan lé e. Mirabeau wá ń kọ ìwé ìmọ̀ràn sí ààfin lábẹ́lẹ̀, ó sì ń sọ̀rọ̀ ní ìgbìmọ̀ bí ẹni tí kò jẹ ọba ní gbèsè kankan.

Nígbà tí ó kú ní oṣù kẹrin 1791, wọ́n sin ín sí Panthéon pẹ̀lú ẹ̀yẹ ńlá. Ṣùgbọ́n bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò lé e bá. Ní oṣù kọkànlá 1792, alágbẹ̀dẹ kan tú àṣírí àpótí irin tí ọba fi pamọ́ sínú ògiri ààfin Tuileries. Àwọn ìwé inú rẹ̀ fi àdéhùn náà hàn. Ní 1794, wọ́n gbé òkú Mirabeau kúrò ní Panthéon.

Àwọn kan wí pé ohun tí ó gbàgbọ́ ni ó kọ, nítorí ó fẹ́ kí ọba máa jọba lábẹ́ òfin. Èmi kò jiyàn èyí. Ṣùgbọ́n bí ìmọ̀ràn náà bá dára, èé ṣe tí ó fi í pamọ́ fún àwọn tí ó yàn án? Adájọ́ tí ó bá gba owó lọ́wọ́ ẹlẹ́jọ́ kan, bí ó tilẹ̀ dá ẹjọ́ náà bí ó ti tọ́, ta ni yóò gbà á gbọ́? Owó ìkọ̀kọ̀ ni ó sọ ìmọ̀ràn rere di ohun ìfura.

Ìwé tí o bá kọ sí ìyá rẹ tàbí ọ̀rẹ́ rẹ, tìrẹ ni. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ará ìlú bá fi ọ̀ràn wọn lé ọ lọ́wọ́, tí o sì ń gba owó lẹ́yìn wọn lórí ọ̀ràn náà, ìwé rẹ ti di tiwọn. Nítorí náà, ọmọ mi, má ṣe fi ọwọ́ kọ ohun tí ẹnu rẹ kò ní lè kà jáde lójú àwọn tí ó rán ọ níṣẹ́.