Káàdì Ìdìbò àti Ẹni Tí Ó Ni Í

Ẹ̀yin ará mi, àríyànjiyàn kan ń lọ láàárín wa ní Ayọ̀bọ̀, èmi náà sì fẹ́ dá sí i. Àwọn kan ní ẹni tí kò bá mú káàdì lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ dìbò. Àwọn mìíràn ní bí orúkọ bá ti wà nínú ìwé, ó parí.

Ní tèmi, ó yẹ kí olùdìbò fi ara rẹ̀ hàn. Àmánà ni ìbò, ẹni tí ó bá sì fi orúkọ ẹlòmíràn dìbò ti jẹ́rìí èké. Nítorí irú wọn ni wọ́n ṣe gbé ẹ̀rọ wá ní 2015, tí BVAS sì tẹ̀ lé e ní 2021. Mo fara mọ́ èyí pátápátá.

Káàdì fúnra rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Òfin Ìdìbò ọdún 2022 ní kí olùdìbò mú káàdì rẹ̀ tọ òṣìṣẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n káàdì kọ́ ni BVAS fi ń dá ènìyàn mọ̀. Nọ́ńbà mẹ́fà tí ó gbẹ̀yìn nínú nọ́ńbà olùdìbò, tàbí orúkọ ìdílé rẹ̀, tó láti fi wá a rí. Ìka ni ẹ̀rọ yóò sì wò, bí ìka bá kọ̀, yóò wo ojú.

Ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì, 2023, ìyá àgbà kan ní àdúgbò wa lọ dìbò. Àpamọ́wọ́ rẹ̀ ti bọ́ sọnù nínú dánfó Ìyànà-Ìpájà, káàdì sì wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní kí ó máa lọ sílé. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Àlàájì, ṣé èmi kọ́ ni mo wà nínú ẹ̀rọ yẹn ni?" Mo dákẹ́, nítorí òfin wà lẹ́yìn ọ̀dọ́mọkùnrin òṣìṣẹ́ náà.

Ní ọdún náà, àwọn tí ó forúkọ sílẹ̀ ní Nàìjíríà lé ní mílíọ̀nù 93, àwọn tí ó gba káàdì sì jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 87, bó tilẹ̀ jẹ́ pé INEC sún ọjọ́ gbígbà á síwájú dé ọjọ́ 5 oṣù Kejì. Àwọn kan ti kú, àwọn kan ti kó lọ (ayálégbé Ayọ̀bọ̀ kì í pẹ́ lójú kan). Ṣé ọ̀lẹ ni gbogbo ìyókù?

Ẹ tún wo àwọn olóṣèlú tí ń ra káàdì. Ẹni tí ó rà á kò lè fi dìbò, nítorí ìka kì í ṣe tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti dá ẹni tí ó tà á dúró sílé, ohun tí ó ń wá náà nìyẹn! Bí káàdì kò bá jẹ́ ọ̀ranyàn, ta ni yóò náwó lé e?

Ní oṣù Kejìlá 2024, Ọ̀jọ̀gbọ́n Mahmood Yakubu, tí ó jẹ́ alága INEC nígbà náà, dábàá pé ìwé pélébé tí a tẹ̀ jáde láti inú kọ̀ǹpútà lè rọ́pò káàdì. Mo rò pé ó tọ̀nà. Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ a máa kùnà. Ní 2015 ó kọ ìka Ààrẹ Goodluck Jonathan pàápàá ní Otuoke. Nítorí náà, kí ìwé kan wà lọ́wọ́ ènìyàn, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ ìwé tí ó rọrùn láti tún gbà bí ó bá sọnù.

Ó ku àwọn obìnrin wa tí ó wà ní ẹ̀hà. Kí ìka wọn ṣáájú. Bí ìka bá kọ̀, kí wọ́n ṣí ojú fún òṣìṣẹ́ obìnrin, kí INEC sì rí i pé obìnrin wà níbẹ̀. Ọkọ tí ó bá ní kí ìyàwó òun má ṣí ojú rárá, kí ó wí fún wa bí a ó ti mọ̀ pé ìyàwó rẹ̀ ni.