Ta Ni Ó Kọ Ìwé Pélébé Ara Dígí?

Ní ìlú Oxford, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, yunifásítì ni ó ni àwọn ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tó lókìkí jù, irú ilé tí àwọn elédè Faransé ń pè ní musée. Ọ̀kan nínú wọn, Ashmolean, ti ṣílẹ̀kùn fún ará ìlú láti ọdún 1683. Òmíràn ni Pitt Rivers. Ọdún 1884 ni wọ́n dá a sílẹ̀, nígbà tí ọ̀gágun kan tó ń jẹ́ Augustus Pitt Rivers kó ohun tó lé ní 20,000 fún yunifásítì náà. Lónìí, bí a bá ka ohun èlò, fọ́tò àti ìwé àfọwọ́kọ pọ̀, wọ́n ti ju 500,000 lọ. Ẹni tó fẹ́ wọlé kò ní san owó, àfi fún àwọn àkànṣe ìpàtẹ kan ní Ashmolean.

Inú Pitt Rivers ṣókùnkùn díẹ̀, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ líle a máa ba aṣọ àti ìyẹ́ ẹyẹ jẹ́. Àlejò mìíràn a tan tọ́ọ̀ṣì kí ó tó lè rí ohun tó wà nínú àpótí dígí. Wọn kò to àwọn ohun náà ní ìlú-ìlú; irú wọn ni wọ́n fi tò wọ́n. Gbogbo ìlù wà lápá kan, gbogbo apẹ̀rẹ̀ wà lápá kan. Ìlù Áfíríkà lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlù Éṣíà. Nítorí náà, ìwé pélébé tí wọ́n so mọ́ ohun kọ̀ọ̀kan ni ó ń sọ ibi tó ti wá fún àlejò. Ọ̀pọ̀ nínú ìwé wọ̀nyí jẹ́ ìwé àfọwọ́kọ láti ayé àtijọ́, lẹ́tà wọn sì kéré bí èèrà. Bí ìwé náà bá sọ òtítọ́, òtítọ́ ni àlejò gbé lọ sílé. Bí ó bá purọ́, irọ́ náà ni yóò gbé lọ.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀ràn wà. Púpọ̀ nínú àwọn tó kọ ìwé pélébé wọ̀nyí kò gbọ́ èdè àwọn tó ni nǹkan. Àwọn kan tilẹ̀ lo ọ̀rọ̀ àbùkù, wọ́n pe odidi ẹ̀yà ní ẹhànnà. Ilé náà ti wá dá iṣẹ́ kan sílẹ̀, Labelling Matters, láti wá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí, kí wọ́n sì tún un kọ.

Ní ọdún 2017, aṣojú àwọn Másáì láti Tanzania wọ ilé náà, ó sì rí ohun ìran rẹ̀ nínú dígí. Ó wà nínú wọn èyí tí bàbá ń fi lé ọmọ lọ́wọ́, tí ẹnikẹ́ni kì í tà. Ìwé tó wà lára wọn kò tó láti sọ èyí. Lẹ́yìn náà ni àwọn Másáì àti àwọn òṣìṣẹ́ ilé náà bẹ̀rẹ̀ sí jókòó pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà.

Ní 2020, ilé náà gbé òkú àti ẹ̀yà ara èèyàn 120 kúrò níwájú àlejò. Lára wọn ni àwọn orí gbígbẹ kékeré láti Gúúsù Amẹ́ríkà, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń wá wò. Àwọn kan bínú sí ìgbésẹ̀ yìí. Àwọn aláṣẹ dáhùn pé ìpàtẹ náà ń fún èrò ẹlẹ́yàmẹ̀yà lágbára. Ìdáhùn náà tọ́. Ta ni yóò fẹ́ kí orí baba ńlá rẹ̀ di ìran àpéwò?

Kì í ṣe ìwé nìkan ni wọ́n ń tún ṣe. Ẹnu tó ń sọ ìtàn pàápàá ti ń yí padà. Ní Berlin, ní 2015, wọ́n kọ́ àwọn tí ogun lé kúrò ní Síríà àti Ìráàkì níṣẹ́, kí wọ́n lè máa mú àlejò káàkiri ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, kí wọ́n sì máa ṣàlàyé ní èdè Lárúbáwá. Wọ́n pe ètò náà ní Multaka, èyí tó túmọ̀ sí ibi ìpàdé. Oxford ti gba àwòṣe rẹ̀. Ẹni tí ìyá rẹ̀ ti lo irú ìkòkò kan rí lè sọ nípa rẹ̀ ohun tí ìwé kò mọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí òǹkàwé ní Kétu tàbí Ṣábẹ̀ẹ́ lè ṣì lóye bí ó bá dé Oxford. Yóò rí i tí wọ́n kọ "Benin" sí ara iṣẹ́ idẹ. Kì í ṣe orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ni wọ́n ń sọ. Ìbíní ni, ìlú Ọba Ẹdó ní Nàìjíríà, tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó lẹ́rù ní 1897. Ọdún 1975 ni Dàhòmì ṣẹ̀ṣẹ̀ gba orúkọ náà. Nàìjíríà béèrè fún ohun 97 lọ́wọ́ Oxford, ìgbìmọ̀ yunifásítì náà sì fara mọ́ ìbéèrè yìí ní oṣù kẹfà ọdún 2022. Àwọn ohun 26 tó dé Kùtọnu ní oṣù kọkànlá ọdún 2021 yàtọ̀ pátápátá. Láti Paris ni wọ́n ti wá, àwọn ọmọ ogun ọ̀gágun Dodds ni ó sì kó wọn ní Àgbómẹ̀ nígbà ogun tó bẹ̀rẹ̀ ní 1892.

Ìjọba Bẹ̀nẹ̀ fúnra rẹ̀ ti ṣètò ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tuntun mẹ́rin: ní Àgbómẹ̀, ní Ouidah, ní Àjàṣẹ́ àti ní Kùtọnu. Wọ́n yóò kọ ìwé pélébé níbẹ̀ pẹ̀lú. Faransé ni èdè ìjọba, kò sì ní ṣaláì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí Fọ̀n, Gùn tàbí Yorùbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìyá àgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ láti ka èdè rẹ̀ yóò dúró níwájú ohun ìran rẹ̀, ọmọ ilé-ìwé ni yóò sì máa kà á fún un. Ó rọrùn láti béèrè fún un kí wọ́n tó lẹ àwọn ìwé náà mọ́ dígí.